Hítà Màmá Táyọ̀ Kò Bàjẹ́ Tó Bí Mo Ṣe Wí

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ìyàwó mi kò mọ̀ ọ́n. Pásítọ̀ mi kò mọ̀ ọ́n. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, mo máa jókòó láàárín tọkọtaya kan tó fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀. Ìyàwó náà ló ní kí n wá bá àwọn parí ìjà. Èmi ni mo dá ìjà náà sílẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì mọ̀.

Iṣẹ́ hítà, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, àti AC ni mo ń ṣe ní Houston níbí, ní Amẹ́ríkà. Mi ò kàwé. Kíláàsì karùn-ún ni mo dé nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí bàbá mi tó fi mí sẹ́nu iṣẹ́ fìríìjì ní Mushin. Ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ mi. Àwọn dókítà àti injinía gidi, tí wọ́n kàwé kàwé, èmi ni wọ́n ń pè. Mo lè dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n gbọ́ ohùn ẹ̀rọ, kí n sì sọ ohun tó ń ṣe é. Kò sí ẹni tó lè bá mi du ìyẹn. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń pè mí ní Injinía, ó sì máa ń dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Màmá Táyọ̀ náà ń pè mí bẹ́ẹ̀. Opó ni wọ́n, wọ́n ń dá gbé ní Mission Bend, nínú ilé tí àwọn àti ọkọ wọn jọ rà. Táyọ̀, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń gbé ní Katy pẹ̀lú Bùkọ́lá ìyàwó rẹ̀. Mi ò kì í gba owó lọ́wọ́ Màmá fún iṣẹ́ kékeré. Wọ́n á bu ọbẹ̀ sínú ike fún mi, wọ́n á ní, "Gbà, ọmọ mi, o ti ń rù." Èmi tí mi ò rù rí láyé mi.

Nígbà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ọdún yẹn, dókítà kan dìde, ó ṣe ìlérí ńlá. Èmi náà dìde. Mo ní èmi nìkan ni màá ra àga tuntun sí gbogbo gbọ̀ngàn. Kò sí ẹni tó ní kí n sọ ọ́. Mi ò kàn fẹ́ kí wọ́n rò pé ẹni tí kò kàwé kò lè ṣe ju dókítà lọ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí mo délé, mi ò mọ ibi tí owó náà máa ti wá.

Kò pẹ́ sígbà náà ni hítà Màmá kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo gun òkè àjà lọ.

Ẹ̀yin onílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Òkè àjà ni hítà ọ̀pọ̀ ilé wà ní Houston. Ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ la fi ń lò ó lọ́dún, ẹ kì í sì í gun ibẹ̀. Ohunkóhun tí ẹni tó gun ibẹ̀ bá wí nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀, òun lẹ máa gbà. Irin tín-ín-rín kan wà nínú hítà tó máa ń mọ̀ bóyá iná ti ràn. Bó bá dọ̀tí, hítà á tàn díẹ̀, á tún kú. Kí èèyàn tú u, kó nù ún, kó dá a padà, ó parí. Kò tó ogún ìṣẹ́jú. Ohun tó ń ṣe hítà Màmá kò ju ìyẹn lọ. Mo rí i kedere.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní, "Màmá, ọkàn ẹ̀rọ yìí ti sán." Mo ní èéfín olóró á máa wọ yàrá wọn, wọn ò ní gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á sùn, wọn ò ní jí. Mo fi fọ́tò èyí tó sán lóòótọ́ hàn wọ́n nínú fóònù mi. Ilé ẹlòmíràn ni mo ti yà á. Mo ní àfi kí wọ́n ra odindi hítà tuntun. Mo pa gáàsì rẹ̀.

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ló rán ọ. Ká ní o ò wá ńkọ́?"

Táyọ̀ pè mí lọ́jọ́ kejì. "Uncle, ẹ má bínú o. Ṣé ẹlòmíràn lè bá wa wò ó, ká kàn gba second opinion?"

Mo bínú, torí pé ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ìwọ Táyọ̀ tí mo ṣe AC ilé rẹ lọ́fẹ̀ẹ́, ìwọ lo fẹ́ mú òyìnbó wá yẹ iṣẹ́ mi wò?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Màmá tún bá a wí síwájú sí i. Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ kí n fi Injinía ṣẹ̀sín ni? Ẹni tó jẹ́ ọmọ mi ti sọ̀rọ̀, mo tún wá lọ pe àjèjì?" Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wá. Láàárín wa, bí ọmọ ilé bá ti sọ̀rọ̀ tí o tún lọ pe ẹlòmíràn, o ti pè é ní òpùrọ́ nìyẹn. Mo mọ̀ pé Màmá ò ní ṣe é láéláé. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ̀yìn tì.

Bùkọ́lá ní kí ọkọ òun dúró di òpin oṣù, kí owó oṣù àwọn méjèèjì wọlé kí àwọn tó ra hítà tuntun. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Wọ́n ra hítà kékeré oníná mànàmáná fún Màmá pé kí wọ́n máa fi yáná ná.

Òtútù kò dúró di òpin oṣù. Ó dé lọ́sẹ̀ náà, irú èyí tí omi ń dì nínú páìpù. Iná mànàmáná ń lọ, ó ń bọ̀. Táyọ̀ fẹ́ wá gbé Màmá lọ sí Katy, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní Injinía ti sọ pé kí àwọn dúró ti ẹ̀rọ omi, kí ó máa kán díẹ̀díẹ̀, kí páìpù má bàa bẹ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí Táyọ̀ fi máa sọ pé òun ń bọ̀ tipátipá, yìnyín ti bo freeway, ọ̀nà mọ́tò ńlá tó máa gbà, kò sì ṣeé gbà mọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ilé mi sí tiwọn. Mo wọ bàtà mi. Mo ní màá lọ nu irin náà, màá ní mo rí ọgbọ́n kan dá sí i. Mo wá rò ó pé bí hítà bá tàn, wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo bọ́ bàtà.

Òtútù wọ Màmá láyà. Wọn ò lò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ ní ọsibítù tí wọ́n fi kú. Dókítà ní àyà wọn kò lágbára tẹ́lẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn tu ara mi nínú títí, kò tù mí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Táyọ̀ ní kí n gbé hítà tuntun sí i kí àwọn tó ta ilé. Mo gun òkè lọ. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo tú irin náà, mo nù ún. Hítà tàn. Mo sọ̀ kalẹ̀ wọ yàrá Màmá. Atẹ́gùn lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ń fẹ́ sórí ibùsùn wọn, ṣálì wọn ṣì wà níbẹ̀. Mo sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà, mo nujú, mo pa á, mo tú u jù nù, mo gbé tuntun sí i, mo gba owó. Owó náà wà lára èyí tí mo fi ra àga ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní àwíjàre kankan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bùkọ́lá rí ọkọ̀ mi níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Stafford. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ọlọ́dà nínú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Uncle, Táyọ̀ ti kó jáde nílé, ó ti gba apartment. Ó ní òun ò lè máa wo ojú ẹni tó ní kí òun dúró di òpin oṣù. Ó ní èmi pẹ̀lú òun la jọ pa ìyá òun. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ tiyín nìkan ló ń gbọ́."

Ọmọbìnrin wọn ọdún mẹ́rin ń wò wá látinú mọ́tò. Mo gbé Bùkọ́lá dìde. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, màá wá ní Sátidé.

Bí mo bá jẹ́wọ́, ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi lọ, orúkọ mi lọ, ó tiẹ̀ lè já sí ẹ̀wọ̀n. Bí mi ò bá jẹ́wọ́, màá jókòó bí àgbà, màá sọ fún Táyọ̀ pé kó dárí ji ìyàwó rẹ̀ nítorí ohun tí èmi ṣe.

Ẹ̀yin onílé, bí ẹnikẹ́ni bá ní hítà yín ti kú pátápátá, ẹ ní kó ya fọ́tò èyí tó wà lókè àjà tiyín lójú yín. Ẹ pe ẹlòmíràn kó wò ó kí ẹ tó ná owó. Bó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Bó bá jẹ́ ọmọ ìyá yín, ẹ ṣì pe ẹlòmíràn.

Ní tèmi, mo mọ̀ pé màá sọ ọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni mi ò mọ̀. Nínú gbogbo ayé mi, mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé mo jẹ̀bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ bá mi kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí ó kúrú, kí n lè há a sórí kí Sátidé tó dé.