Wọ́n Ní Ohùn Mi Ló Fa Sípíkà Ya

Má kí mi, Ajíbádé. Mo ní má kí mi. "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Rẹ̀mí, ṣé àlàáfíà ni?" Àlàáfíà wo? Ìwọ tí o tì mí sínú iná, ìwọ náà lò ń béèrè bóyá ara mi le? Gbé rédíò onírédíò tí ò ń tú yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kí o wò mí lójú. Ṣé èmi ni mo fa sípíkà ọkọ̀ ìjọ ya? Ohùn tèmi yìí, ohùn tí mo fi ń kọrin láti ìgbà tí wọn ò tíì já ọ lẹ́nu ọmú, ohùn tí mo fi kọrin ní pápá lọ́jọ́ òmìnira, tí kò sí sípíkà, tí kò sí bátìrì, tí àwọn tó wà ní òdìkejì ọjà Ìkìrun sì gbọ́ mi, ohùn yẹn ló wá jó wáyà?

Ojú tí ò ń ṣe yẹn, ojú ẹni tí kò mọ nǹkan kan ni. Ó dáa, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bí àlejò. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ìjọ ṣì wà ní ìjókòó, Bàbá Akínyẹlé, Bàbá Ìjọ wa, tí í ṣe àna tìrẹ, dìde. Wọ́n húkọ́, o mọ bí wọ́n ṣe ń hú u, bí ọkọ̀ akẹ́rù tó fẹ́ gun òkè. Wọ́n ní a ti fi hàn wọ́n pé ohùn Ìyá Rẹ̀mí mú jù, pé òun ló fa awọ inú sípíkà kékeré ya ní Inísà, àti pé tí a bá dé ìsọjí Òkukù, Àjíkẹ́ ọmọ Jọláyẹmí ni yóò mú máìkì, kí Ìyá Rẹ̀mí lọ sinmi. Kí n lọ sinmi. Ta ni mo sọ fún pé ó rẹ̀ mí?

Àjíkẹ́ wo tilẹ̀ ni? Ọmọ dáadáa ni o, èmi àti ẹ̀ ò jà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó tì í nígbà tó ń kọrin, ó máa ń yíjú sí i ni, á ní, "Kí lo wí?" Ìyẹn ni wọ́n fẹ́ gbé sórí ọkọ̀ lọ fún gbogbo Òkukù.

Èmi ńkọ́? Mo kúnlẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Bàbá Ìjọ sọ̀rọ̀ láàárín ìjọ, obìnrin wo ló máa dìde pé kò rí bẹ́ẹ̀? Mo ní, "A dúpẹ́, sà." Wọ́n fi ẹnu ba ohùn mi jẹ́, èmi ni mo tún dúpẹ́.

Ìwọ náà ṣáà wà níbẹ̀. O wà lórí bẹ́ǹṣì kejì pẹ̀lú Adédùntán ìyàwó rẹ. Bàbá yíjú sí ọ, wọ́n ní, "Ajíbádé tó mọ iṣẹ́ nìyí, ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́?" Ọ̀rọ̀ kan péré ni mò ń retí lẹ́nu rẹ. Kí lo sọ? "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Àyè ò sì sí láàárín bẹ́ǹṣì, o há ara rẹ mọ́ ibẹ̀ kí o lè ráyè dọ̀bálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ ń ta àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn. Mo ń wò ọ́. Mo rò ó nínú mi pé bóyá lóòótọ́ ni mo bà á jẹ́, nígbà tí ẹni tó tún un ṣe ti fọwọ́ sí i.

Àṣé irọ́ ni. Àṣé o mọ̀ ọ́n.

Rárá, má dá mi dúró, n kò tíì dé ibi tó dùn mí. Ṣé kì í ṣe ìwọ lo kọ́ mi? Nígbà ìkórè, tí ò ń de sípíkà méjèèjì mọ́ orí ọkọ̀, èmi ni mò ń bá ọ di àkàbà mú. O ní, "Ìyá Rẹ̀mí, ńlá yìí ni ti bàsì, ohùn wúwo, kékeré yìí ni ti tirébù, ohùn tín-ín-rín." O ní awọ inú kékeré fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, tí ohùn wúwo bá ráyè wọ inú ẹ̀, á gbóná, á jó ni. O wá mú nǹkan kan báyìí, kò ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ, o pè é ní kọ̀ndẹ́nsà, o so ó mọ́ wáyà tó lọ sínú kékeré, o fi téèpù dúdú wé e. O ní aṣọ́nà ni. Ohùn tín-ín-rín bá dé, á ní kó kọjá. Ohùn wúwo bá dé, á dá a padà sọ́dọ̀ ńlá. Mo ní irú aṣọ́nà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé mi, kó máa bá mi dá àwọn ará ilé ọkọ mi padà. Ìwọ àti èmi la jọ rẹ́rìn-ín.

Gbogbo ìgbà tí nǹkan yẹn fi wà níbẹ̀, ṣé sípíkà ké? A lọ sí Èkó-Èǹdé, mo kọrin. A yí gbogbo Ìkìrun ká, mo kọrin títí ọ̀fun mi gbẹ. Ṣé ẹnikẹ́ni gbóòórùn nǹkan tó ń jó?

Ọ̀rọ̀ tó wá gbé mi wá síbí, ìyàwó rẹ ló sọ ọ́ fún mi nídìí kànga lówùúrọ̀ yìí. Má bínú sí i o. Tó bá jẹ́ pé o fọwọ́ kàn án, èmi àti ìwọ ló máa pàdé. Ó ń rẹ́rìn-ín débi pé korobá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí a fẹ́ lọ sí Inísà, Bàbá ní kí Titus awakọ̀ wa ọkọ̀ wá síbí kí o bá wọn yẹ bátìrì wò, pé oúnjẹ lòun gbé wá fún ọ, òun dúró lẹ́bàá ògiri, ó sì ṣojú òun. Bàbá gbójú sókè, wọ́n rí nǹkan dúdú tí wọ́n wé mọ́ wáyà. Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, "Ta ló so oǹdè mọ́ ọkọ̀ Ọlọ́run?"

Oǹdè, oògùn ìbílẹ̀. Kọ̀ndẹ́nsà di oǹdè, Ajíbádé.

N ò bá Bàbá wí níbẹ̀ o. Bàbá tó jẹ́ pé nígbà tí ìyá kan so òwú dúdú mọ́ ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀, eyín ni wọ́n fi já a níwájú pẹpẹ, tí wọ́n wá rí nǹkan dúdú róbótó tí wọ́n wé tí wọ́n dì lórí ọkọ̀ ìjọ, kí lo fẹ́ kí wọ́n rò? Ṣebí wọ́n béèrè. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ẹni tó mọ̀ ọ́n wá ṣe? Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe nǹkan kan, sà." Wọ́n ní, "Bí kì í bá ṣe nǹkan kan, tú u kúrò." O sì dìde, o gun àkàbà, o tú u.

Kí lò ń wí lábẹ́ ẹnu yẹn? Pé kò ṣeé sọ? Mo mọ̀ pé kò ṣeé sọ. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ọ́n? Tí o bá ní ohun tó ń dá ohùn wúwo padà ni, Bàbá á ní ohùn ta ló wúwo. Ohùn ta ló tún wúwo ní gbogbo ìjọ wa bí kò ṣe tiwọn? Ọkọ ọmọ ò ní wo ojú bàbá ìyàwó rẹ̀ kó ní, "Ẹ̀yin ni mo so nǹkan yìí mọ́ wáyà fún, sà." Ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fún ọ. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n o bọ̀wọ̀ fún àna rẹ tán, ohùn tèmi ni wọ́n wá fi san gbèsè rẹ̀. Ṣé èmi náà fún ọ níyàwó ni?

O ò sì sí ní Inísà, ìyẹn náà ni kò jẹ́ kó dùn ọ́. Bàbá mú máìkì. Ṣé o ti rí i bí Bàbá ṣe ń mú máìkì? Bí ẹni tó fẹ́ ya àgbàdo sísun jẹ. "Ẹ ronú pìwàdà" tí wọ́n fẹ́ sọ, wọ́n pariwo rẹ̀ débi pé àwọn tó ń dúró de réluwéè ní téṣàn gbé ẹrù wọn rù, wọ́n rò pé ọkọ̀ ojú irin ti ń wọlé. Wọ́n ní kí Titus gbé ohùn sípíkà sókè sí i. Titus gbé e sókè. Ta ló máa ní kí Bàbá Ìjọ rọra? Gbogbo wa ń ṣe àmín.

Èmi ni mo kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, bí ìyẹ́ adìẹ tó bọ́ sínú iná. Mo wòkè, èéfín tín-ín-rín ń yọ lẹ́nu kékeré. Ńlá ṣì ń bá wọn lọ, Bàbá ò mọ nǹkan kan. Ìgbà tó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n na máìkì sí mi. Mo la ẹnu, àṣé kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde ti jó tán. Ohun tó jáde, Ajíbádé, hùn-ùn, hùn-ùn, bí ẹni tó ki orí bọ inú ìkòkò. Ọjà Inísà bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní ṣé iyán gbígbóná ló há ìyá yìí lọ́fun ni. Ọmọ mi ni mo fi búra, wọn ò fi mí rẹ́rìn-ín rí nídìí orin, ọjọ́ yẹn ni àkọ́kọ́. Mo wọnú ọkọ̀, mo fi gèlè bojú títí a fi dé Ìkìrun.

Ọwọ́ mi ni máìkì wà nígbà tí wọ́n rí i pé ó ti bàjẹ́, ló bá di pé èmi ni mo bà á jẹ́.

O ní, "Kí lẹ̀yin wá fẹ́ kí n ṣe?" Ó yẹ kó o béèrè. Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Òkukù ni mí? Ìyá mi wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n jáde mọ́, wọn ò lè wá sí Ìkìrun, wọn ò tíì gbọ́ mi rí láti ìgbà tí mo ti di olórí akọrin. Mo ti ránṣẹ́ sí wọn. Mo ní kí àwọn ará ilé gbé wọn sẹ́nu ọ̀nà tí oòrùn bá rọlẹ̀ lónìí, tí a bá dé fún ìsọjí, pé orí ọkọ̀ ni n ó ti máa kọrin, pé ibi tí wọ́n jókòó sí náà ni ohùn mi máa bá wọn. Wọ́n ti sọ fún gbogbo agboolé. Kí ni n ó wá sọ fún wọn nírọ̀lẹ́ òní? Pé kí wọ́n wọlé padà, pé ohùn ọmọ wọn ń jó nǹkan? Ó dùn mí, Ajíbádé. Mò ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó dùn mí dé egungun.

Sípíkà kékeré tuntun tí wọ́n ní kí o dè dípò èyí tó jó nìyí, gbà á. Òṣogbo ni wọ́n ti rà á. Ọkọ̀ wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ níta yìí, o ò rí i ni? Bàbá náà wà nínú rẹ̀, wọ́n ti sùn lọ, ohun tó ń dún yẹn kì í ṣe ẹ̀rọ ọkọ̀. Mo ní kí wọ́n jókòó, pé mò ń bọ̀, pé mo fẹ́ gbé e fún ọ ni.

Kọ̀ndẹ́nsà yẹn ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ò ní sọ ọ́ nù. Ẹ̀n-ẹ́n, inú agolo yẹn náà ni. Mú un wá. O ní kí ni? Pé o máa fi aṣọ funfun wé e, kí o sì tì í sínú ọ̀fun sípíkà níbi tí ojú Bàbá ò ní tó o, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀? Ọgbọ́n ńlá. Mo ti ro ìyẹn lọ́nà kí n tó débí. Ó dáa fún sípíkà. Sípíkà á rí aṣọ́nà, Bàbá á máa pariwo wọn lọ, gbogbo nǹkan á máa dùn. Èmi ńkọ́? Kí lo máa fi wé tèmi? Àjíkẹ́ á kọrin tirẹ̀, nǹkan kan ò ní jó, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? Ohùn Ìyá Rẹ̀mí náà ni." Títí n ó fi kú, ohùn tó jó sípíkà ni wọn ó máa pè mí.

Mi ò gbà. Jáde lọ bá wọn. Ní ìdúró ni o. Má dọ̀bálẹ̀, nítorí tí o bá ti dọ̀bálẹ̀, mo mọ̀ ọ́, "kì í ṣe nǹkan kan, sà" ló máa jáde. Mú nǹkan yẹn dání, kí o ní, "Bàbá, kì í ṣe oǹdè, iṣẹ́ tó ń ṣe rèé, èmi ni mo tú u, ohùn Ìyá Rẹ̀mí kọ́." Kò gùn. Tí wọ́n bá bínú, wọ́n á bínú tán. Ṣé wọ́n á wá gba ọmọ wọn padà nítorí kọ̀ndẹ́nsà ni?

Dákẹ́ ná. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló dún yẹn. Wọ́n ti jí, àbí ohùn mi ló jí wọn. Dúró dáadáa, na ẹ̀yìn rẹ. Wọ́n ń bọ̀. Ìdúró ni mo wí o, má ṣe… Ajíbádé! Ha ha ha, ẹ gbà mí, ó ti wà nílẹ̀. Bàbá ò tíì kọjá ẹnu ọ̀nà, ó ti wà nílẹ̀ gbalaja, àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bà lé mi lẹ́sẹ̀.

Ẹ kú ìsinmi, Bàbá. Èmi náà ti kúnlẹ̀, sà. Rárá, sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ní kó dìde. Ó ní ohun kan lọ́wọ́ tó fẹ́ fi hàn yín, ó sì ní ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ bá yín sọ. Tó bá sọ ọ́ tán, kí ẹ wá ní kó dìde.