Èmi Ni Mo Pa Ọ̀nà Tí Ọkọ Mi Fi Ń Wọ Kọ̀ǹpútà Ilé

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi kí ẹ tó kà á tán. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé irọ́ mi ti fẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀ mí.

Ikpoba Hill ni à ń gbé ní Benin: èmi, ọkọ mi, ọmọbìnrin wa àti àbúrò ọkọ mi. Ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, nítorí náà Dúdúyẹmí ni mo ń pè é. New Benin ló ti ń tún fóònù ṣe. Ọkọ mi ń ya àwòrán ilé ní ọ́fíìsì kan ní Airport Road, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà ilé ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ó máa ń jókòó sí ọ́fíìsì, á sì gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú rẹ̀.

Ìgbàkígbà tó bá ti wọlé báyẹn, ojú kọ̀ǹpútà á pa mọ́ èmi tí mo jókòó tì í, mi ò sì ní lè lò ó mọ́. Mò ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí màsítà mi nígbà náà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Ṣé bàbá ẹ ló rà á?" Inú bí mi, ẹ jọ̀ọ́, inú bí mi gan-an ni. Dúdúyẹmí ti fi ibi tí wọ́n ti ń pa ọ̀nà tí ọkọ mi ń gbà wọlé náà hàn mí rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo pa á.

Mi ò mọ̀ pé àwọn oníbàárà ńlá wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó pè mí. Ó ní kí n wò ó bóyá iná wà, bóyá wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì ò yọ. Mo ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó ní kí n pa kọ̀ǹpútà, kí n tún un tàn. Mo ní mo ti ṣe é, mo sì ń tẹ iṣẹ́ mi lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló pè. Àwọn oníbàárà bínú lọ, ọ̀gá rẹ̀ sì bú u lójú gbogbo èèyàn.

Nígbà tó dé, ó yẹ kọ̀ǹpútà wò, ó rí i pé ẹnì kan ló pa ọ̀nà náà. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi, torí ó gbà pé mi ò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Àsìkò yẹn ni Dúdúyẹmí ti ibi iṣẹ́ wọlé. Ó rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bọ̀dá mi, ẹ má bínú."

Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Bí àgbà bá ń bínú, kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ ná, lẹ́yìn náà ni kí o béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi ní, "Na you! O ti jẹ́wọ́! Ìwọ lo pa á tí mi ò fi lè wọlé!"

Dúdúyẹmí wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan. Ó mọ̀ pé èmi ni òun fi ibẹ̀ hàn, síbẹ̀ kò dárúkọ mi.

Ọkọ mi fi wáyà nà án. Ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Ó gbá orí rẹ̀ mọ́ irin fèrèsé, ẹ̀jẹ̀ ta sí kọ́tìnnì. Ó gbé kíbọ́ọ̀dù, ó là á mọ́ ọn lójú títí ó fi fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ọmọ wa ń ké, "Daddy, you go kill am o!" Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, mo di ẹnu mi mú. Ojú ọ̀tún ọmọ ọlọ́mọ lọ síbẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Tèmi ò ju ọdún mẹ́ta lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá ọmọ tí Dúdúyẹmí fẹ́ fẹ́ wá ṣe ìwádìí nílé wa. Ọkọ mi sọ fún un pé ọ̀dàlẹ̀ ni àbúrò òun. Bàbá náà bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Wọ́n ti ní kí ọmọ wọn jáwọ́.

Mo pe Dúdúyẹmí, mo sọ fún un pé màá sọ òótọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ó lọ bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá mi á pa yín."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ sọ ọ́ nílé bàbá náà, kí n má padà sílé mọ́? Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò purọ́. Ẹ bá mi bẹ Dúdúyẹmí. Èmi ni mo fọ́ ọ lójú.