Ohun Tí Nọ́ọ̀sì Sọ Nípa Bàbá Ayọ̀mikún

Ayọ̀mikún, jókòó tì mí. Àìsàn yìí kò ní pẹ́ pa mí, mi ò sì lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàárè. Irọ́ ni èmi Adébísí pa fún ọ pé bàbá rẹ já ọ sílẹ̀. Olúdáre àbúrò mi kò sá fún ọ rí.

Lẹ́yìn tí ìyá rẹ kú, ọ̀dọ̀ mi ní Ibo Road nílẹ̀ Hausa níbí ni ìwọ àti bàbá rẹ ń gbé nígbà tí ẹ̀tẹ̀ mú un. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, àmọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀ ti ká kò, ojú sì ń tì í láti jáde. Kì í rí oorun sùn. Á kọjú sí ògiri, á ní, "Àǹtí, ṣé èèyàn ṣì ni mí?" Èmi ni mo máa ń lọ bá a gba oògùn ní ọsibítù.

Lọ́jọ́ kan, Ràhmátù, nọ́ọ̀sì tó ń fún mi ní oògùn náà, fà mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, oògùn yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́. Ọkàn rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kó máa gbé ọmọ rẹ̀, kẹ́ ẹ jọ máa jẹun. Ẹ mú un wá, kí n bá a sọ̀rọ̀."

Bí mo ṣe wọlé, àbúrò mi béèrè pé, "Àǹtí, kí ni wọ́n wí nípa Ayọ̀mikún?" Mo wò ó lójú, mo ní, "Wọ́n ní o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí láé."

Kì í ṣe ẹ̀rù àìsàn ló mú mi sọ ọ́. Mi ò bímọ, ìwọ sì ti ń pè mí ní Mọ́mì. Mo rò pé bí ara rẹ̀ bá yá, á mú ọ lọ. Ìkà ni mí.

Láti ọjọ́ náà ló ti tilẹ̀kùn mọ́rí. Wàá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wàá máa fi Hausa pè é, "Baba, ka fito," kó jáde sí ọ. Èmi ń gbọ́ bó ṣe ń sunkún nínú yàrá. Kò jẹun dáadáa mọ́, kò lo oògùn mọ́. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà á là, mo gbé e mì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ò bá a nílé. Inú kànga kan ní àdúgbò Brigade ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀. Mo sin ín láìjẹ́ kí o mọ̀, mo wá sọ fún ọ pé ó ti padà sí ìlú wa, pé kò fẹ́ ọ mọ́. O béèrè lọ́wọ́ mi pé kí lo ṣe fún un.

Ọmọ mi, o ò ṣe nǹkan kan. Ìfẹ́ tó ní sí ọ ló mú un jìnnà sí ọ. Àlùfáà tó sin ín ṣì wà ní ìjọ wa, á mú ọ dé ibi sàárè rẹ̀. Mò ń bẹ̀ ọ́, foríjì mí, ṣùgbọ́n má tíì dá mi lóhùn. Lọ bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ ná.