Ọ̀ṣúnkúnlé Tí Ó Mu Omi Àlejò

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ni ọkọ̀ àwọn baba wa, tí ọ̀nà kò sì ju ibi tí koríko ti dùbúlẹ̀ lọ, ọkùnrin kan wà ní Abẹ́-Àpáta tí ń jẹ́ Ọ̀ṣúnkúnlé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Òun ni baba tó bí baba àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n n kò ní yìn ín kọjá bó ṣe rí. Baba wa yìí, kò fọkàn tán ẹnì kankan.

Kì í ṣe pé wọ́n bí i bẹ́ẹ̀. Oníyọ̀ ni. Á rin ìrìn oṣù kan lọ ra iyọ̀, á rin ìrìn oṣù kan bọ̀. Ní ìlú òkèèrè kan ni onílé kan ti gbà á sílé, tó bu ẹmu fún un, tó tẹ́ ẹní fún un, tó ń pè é ní àbúrò. Ìgbà tí Ọ̀ṣúnkúnlé máa lajú, kò sí iyọ̀, kò sí aṣọ, kò sí onílé. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ró wálé. Láti ọjọ́ náà, bó bá sùn, ẹsẹ̀ ló fi ń ti ilẹ̀kùn. Kò jẹun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Bí o bá kí i, á kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ kó tó dáhùn. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé, á ní, "Páńsá ò fura, páńsá já, àjà ò fura, àjà jìn."

Òótọ́ ni. Ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń mu oògùn láìjẹun, ṣé oògùn náà kò ní dá a dùbúlẹ̀?

Ó wá di ọdún kan tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú. Odò fà, ó ku ṣín-ún. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn èèyàn, ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn ọmọdé, wọ́n sin méjì láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Inú oṣù yẹn gan-an ni obìnrin kan dé, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, amọ̀kòkò ni, ó ń wá ilẹ̀ tí amọ̀ rẹ̀ dára. Baálẹ̀ fún un ní ahéré kan lẹ́yìn ilé. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àràárọ̀ ni obìnrin yìí ń gbé igbá gba ẹ̀yìn àpáta lọ, tó ń fi igbá mìíràn dé e lórí. Wọ́n ní bó bá ń bọ̀, igbá á ti ṣófo, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kún fún ẹrẹ̀. Wọ́n ní kì í mu omi odò. Kí ló mọ̀ nípa odò tí kò fi mu ún?

Baálẹ̀ pe Ọ̀ṣúnkúnlé. Ó ní, "Ìwọ lo mọ ìfura í fura. Tọ̀ ọ́ lẹ́yìn."

Bílẹ̀ ṣe mọ́, Ọ̀ṣúnkúnlé tọ̀ ọ́. Ó ń bá a lọ, igi dé igi, òkúta dé òkúta. Ó rí i tó kúnlẹ̀ sí ìdí àpáta, tó ṣí igbá, tó da nǹkan dúdú sínú ihò kan tí omi ń sun nínú rẹ̀. Àyà Ọ̀ṣúnkúnlé là gàrà. Ó fò mọ́ ọn, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kí lo dà sínú omi yẹn?"

"Èédú ni. Èédú àti iyanrìn. Ẹ dákun, ẹ ń ṣe mí léṣe."

"Èédú kí ló fẹ́ ṣe nínú omi?"

"Ó ń mú ìdọ̀tí ni. Àwa tí à ń wa amọ̀, a máa ń mọ ibi tí omi farapamọ́ sí. Omi odò yín ń rùn. Ohun kan ti kú sínú rẹ̀ lápá òkè."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Omi tí mo kọ́kọ́ pọn wá fún yín, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n dà á sí."

Igbe Ọ̀ṣúnkúnlé ti kó àwọn ará abúlé jọ, Baálẹ̀ náà wà láàárín wọn. Ìyá Fágbèmí ló ṣáájú wọn, ó pọn ọmọ rẹ̀ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe, ọrùn ọmọ náà ti rọ̀. Ó ní kí àlejò mu omi náà ṣojú gbogbo ayé. Àwẹ̀ró bu ú, ó mu ún tán.

Ìyá Fágbèmí ní, "Hẹn-ẹn! Ta ni kò mọ̀ pé oògùn kì í pa ẹni tó sè é?"

Ẹ gbọ́ nǹkan. Tó bá mu ún, àjẹ́ ni. Tí kò bá mu ún, àjẹ́ ni. Àwọn kan ti ń ṣa òkúta. Baálẹ̀ wá ní kí ọmọ Abẹ́-Àpáta kan mu ún, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Gbogbo wọn wolẹ̀.

Ọ̀ṣúnkúnlé wo igbá náà. Ẹmu onílé ọjọ́sí ló ń rí nínú rẹ̀. Ó wo obìnrin náà, kò rí nǹkan tó fi lè mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ. Ó wo òkúta ọwọ́ wọn, ó wo ọrùn ọmọ Ìyá Fágbèmí. Ó na ọwọ́.

"Bù ú fún mi."

Omi ń dà sí i láyà. Ó mu ún tán, ó jókòó sí ìdí àpáta, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Oòrùn kan àtàrí, ó sì yẹ̀ sẹ́yìn. Inú Ọ̀ṣúnkúnlé dún rrrù, gbogbo èrò sá sẹ́yìn! Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Ebi ni.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ tó ṣì ń mí, Ìyá Fágbèmí kúnlẹ̀, ó bu omi náà sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, ọmọ náà ń rákò. Àwọn ọdẹ gba òkè odò lọ, wọ́n bá òkú ẹfọ̀n kan tó ti jẹrà sójú omi.

Nígbà tí Ọ̀ṣúnkúnlé ní òun fẹ́ fi Àwẹ̀ró ṣaya, obìnrin náà kò gbà kíákíá o. Ó ní òun kò lè fẹ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn sùn. Ó gba Ọ̀ṣúnkúnlé ní ọdún kan àbọ̀ kó tó kọ́ bí èèyàn ṣe ń ká ẹsẹ̀ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn sùn. Ẹ̀bá ìsun yẹn ni wọ́n kọ́ ilé sí, ilé náà la jókòó sí yìí.

Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í bu omi fún àlejò nílé wa. Àlejò la ń gbé igbá fún, ìbáà ṣe ìyàwó tuntun, ìbáà ṣe arìnrìn-àjò tí a kò mọ ìdílé rẹ̀. Òun ni yóò bu ú, àgbà ilé ni yóò sì kọ́kọ́ mu ún. Bí mo bá kú, ọ̀kan nínú yín ni yóò máa gba igbá yẹn. Ẹ má retí ọjọ́ tí ẹ̀rù rẹ̀ yóò tán. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń mu ún, àgbà tó bá sọ fún yín pé àyà òun kì í já, irọ́ ló ń pa.