Sùtánà Mi Lábẹ́ Ọkọ̀

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín kí n tó jókòó, Ìyá Léandre, nítorí bí mo bá jókòó pẹ́nrẹ́n, àyà mi á bẹ́: Pacôme mẹkáníìkì ká sùtánà mi lórí okùn, aṣọ funfun tí mo fi ń lọ sílé Olúwa, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ọkọ̀. Sábẹ́ ọkọ̀, mo ní. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú, èyí tí ọmọ yín ń wà fún mi títí di ọjọ́ tí mo lé e. Mo ti ọjà dé, mo rí ẹsẹ̀ Pacôme tó yọ síta lábẹ́ ọkọ̀, mo rí ohun funfun kan tó nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní ta ló ń sin òkú nínú ọgbà mi. Àṣé aṣọ mi ni.

Rárá, mi ò jókòó. Ẹ máa pa èkùrọ́ yín lọ. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín, "ẹ káàbọ̀" tí ẹ fi kí mi lẹ́ẹ̀kan yẹn, bí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ òkúta lẹ ṣe sọ ọ́. Mo gbà. Láti Pobè ni mo ti gun ọ̀kadà zẹ́mì wá, erùpẹ̀ Ita-Djèbou yín ti kún ojú kún imú mi, kì í ṣe ìkíni ni mo wá gbà. Nítorí Léandre ni mo ṣe wá. Bídọ́ọ̀nù epo kún ọgbà mi dé ẹnu ọ̀nà, àwọn tó ń rà á ní Sakété ń pè mí láràárọ̀, ọkọ̀ ti yá báyìí, kò sì sẹ́ni tí yóò wà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti aṣọ mi.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé epo pupa ni iṣẹ́ wa. Ọkọ̀ tó ń ru epo láti Towé, láti Pobè, lọ sí Sakété láti ọdún gbọọrọ, kí lẹ fẹ́ kó wà lábẹ́ rẹ̀? Epo ni. Bídọ́ọ̀nù kan á jò, òmíràn á dojú dé, epo á gba àárín pákó ṣàn lọ sílẹ̀, gbogbo ilẹ̀ ọgbà mi ló ti pọ́n, adìẹ gan-an ń yọ̀ ṣubú níbẹ̀. Ta ló ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ elépo kó wá ní nǹkan ń jò? Ẹ rẹ́rìn-ín o, ó kúkú sàn ju dídákẹ́ yìí lọ.

Léandre á wá bá mi, á ní Màmá, òróró ẹ̀rọ ti lọ sílẹ̀. Màá ní èyí tá a rọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Á ní kò sí mọ́. Á fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn òróró yọ, á fi hàn mí, ṣóńṣó ìdí rẹ̀ nìkan ló tutù. Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ kan náà. Mo bi í pé ṣé ẹ̀rọ ń jó o ni. Ó ní bó bá ń jó o, èéfín aláwọ̀ aró ni ì bá máa rú nídìí ọkọ̀, èéfín ò sì rú. Mo ní ṣé ó ń jò ni. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́, ó rí epo pupa. Èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo rí epo pupa. Ìyá, ẹ bá mi rò ó, ohun tí kò jóná, tí kò jò, ọ̀nà wo ló gbà lọ? Òróró ò lẹ́sẹ̀. Mo ní ẹnìkan ló ń tà á, ta ló sì sún mọ́ ọn ju ẹni tó ń wa ọkọ̀ lọ?

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ iná dé. Iná pupa kékeré kan wà níwájú ẹni tó ń wakọ̀, Léandre ní bó bá ti tàn, a jẹ́ pé òróró ò lágbára tó fi ń gun inú ẹ̀rọ mọ́ nìyẹn, irin ń ha irin lára lásán. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná, tó wá dúró díẹ̀, iná á máa ṣẹ́jú. Mo pe Pacôme. Ó ní kò le, kí a rọ òróró tó ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A rọ ọ́, iná kú fún ọjọ́ mẹ́ta, ó tún tàn. Ó wá ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iná gan-an ló ń purọ́. Iná ń purọ́, ẹ gbọ́ o. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá, èmi náà sì gbà á gbọ́ nítorí ó bá ohun tó wà lọ́kàn mi mu.

Ọjọ́ ọjà Sakété ni gbogbo rẹ̀ bẹ́. Mo ti ṣíwájú lọ dúró de ẹrù. Aago mẹ́jọ, kò dé. Aago mẹ́wàá, kò dé. Oòrùn mú, àwọn oníbàárà mi ń ra ti ẹlòmíì lójú mi kòrókòró. Mo pè é, ó ní òun wà ní Yoko, lábẹ́ igi, iná ti tàn, òun ti pa ẹ̀rọ, òun ò sì ní ṣí i àfi bó bá tutù tí òun rí òróró rọ sí i. Mo ní máa bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní Màmá, kò ṣeé ṣe. Èmi Berthe, ẹni tí mo gbé ọkọ̀ fún ń sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe. Ìgbà tó máa fi dé, ọjà ti ń tú.

Mo pè é lólè. Mo pè é lólè níwájú àwọn alábàárù, níwájú àwọn tó ti Porto-Novo wá ra epo, níwájú Flavienne tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Mo ní òróró mi lo dúró tà ní Yoko. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo tún fi èdè Ègùn sọ ọ́, kó má báa sí ẹni tí kò gbọ́.

Ẹ ti dáwọ́ èkùrọ́ dúró. Ó yẹ kí ẹ dá a dúró.

Ṣùgbọ́n òun náà ńkọ́? Ẹ ò bi mí pé kí ló ṣe. Kò ṣe nǹkan kan. Kò jà, kò búra, kò ní kí n mú ẹlẹ́rìí wá. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé iwájú ọkọ̀, ó fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó ní ó dàbọ̀, Màmá, ó fẹsẹ̀ rìn lọ. Ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ nìyẹn? Bí wọ́n bá pe ọmọ yín lólè, ṣé ẹ ò kọ́ ọ kó la ẹnu ni? Bó bá ti bú mi padà, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Dídákẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Ọ̀dọ̀ yín ló ti kọ́ ọ, mo ti rí i báyìí.

Awakọ̀ méjì ni mo pè lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì rí iná yẹn, wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ mi padà. Ìgbà yẹn lojú wá ń ti Pacôme. Ní ìjẹta, ó fi ọṣẹ àti gàsóò tí ọkọ̀ ń mu fọ gbogbo ikùn ọkọ̀ títí epo pupa fi tán lára rẹ̀, ó ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, ó wá ń wá ohun tó mọ́ tí yóò tẹ́ sábẹ́, kó lè mọ ohun tó ń kán àti ibi tó ń kán sí. Kò sí páálí kan nínú ọgbà mi tí kò tíì mu epo. Kò sí àkísà. Sùtánà mi nìkan ló funfun nínú gbogbo agbo ilé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ sílẹ̀ de ọjọ́ Ìsinmi. Ó tẹ́ ẹ, ó fi òkúta tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo gbé ìgbálẹ̀. Òótọ́ ni, mo nà án ní ìgbálẹ̀. Ó ní Màmá, ẹ kọ́kọ́ wò ó ná, kí ẹ tó parí ìbínú yín. Ó fa aṣọ jáde. Ẹ wò ó, òun ló wà nínú àpò yìí. Ibi àyà rẹ̀ nìyí. Àwọn ẹ̀kán pupa yìí, epo ni, ó ṣẹ́ kù láàárín pákó. Èyí tó wà lápá ọ̀tún ńkọ́? Ó dúdú. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Òróró ẹ̀rọ ni, ojú kan náà ló ń kán sí. Pacôme tọ ibẹ̀ lọ sókè, ó fọwọ́ wá a títí ó fi kan irin kékeré kan, kò ju àtàǹpàkò mi lọ, òun ló ń rán iṣẹ́ sí iná pupa yẹn. Ara irin náà ló ti là. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ á máa tú òróró, bí wọ́n bá pa á, á dákẹ́, èyí tó tú á sì bọ́ sínú epo wa, epo á bò ó. Ó ti pààrọ̀ rẹ̀. Láti ìjẹta, òróró ò lọ sílẹ̀, iná ò ṣẹ́jú.

Pacôme wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò fẹ́ gbọ́. Ó ní ká ní Léandre wà á wá bẹ́ẹ̀ láti Yoko, bí mo ṣe ní kó ṣe, irin inú ẹ̀rọ ì bá ti dì mọ́ra wọn, ọkọ̀ ọkọ mi ì bá ti di ibi tí adìẹ ń yé sí. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń jẹun, Ìyá. Ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún mi ni mo pè lólè.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi náà ni mo máa ń fi òwe yìí bá àwọn ọmọ mi wí.

Mo ti jókòó, ẹ rí i. Mo tilẹ̀ ti kúnlẹ̀ báyìí. Ẹ bá mi ránṣẹ́ pè é lóko, kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mi ò ní kó gba kọ́kọ́rọ́ lónìí, mo kàn ní kó gbọ́ ọ.

Ẹ ní kí ni? Ẹ tún un sọ, etí mi ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ tán. Ẹ ní inú ọjà ni mo ti bú u, inú ilé ni mo wá ti ń bẹ̀ ẹ́.

Ẹ ṣé. Láti àárọ̀ ni mo ti ń dúró kí ẹ sọ nǹkan kan, ó sì dùn mí bí ẹ ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ibo lẹ ń gbé aṣọ yẹn lọ? Rárá o, Ìyá, ẹ gbé ọṣẹ sílẹ̀. Ẹ dá a padà fún mi, ẹ má fọ̀ ọ́. Ọ̀tunla lọjọ́ ọjà Sakété, òun ni màá wọ̀ lọ, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán bí a ṣe ń wọ̀ ọ́, màá dúró síbi tí mo dúró sí lọ́jọ́sí, màá na àbàwọ́n dúdú yìí sí àwọn alábàárù, màá nà án sí Flavienne, màá sọ fún wọn pé èmi ni mo purọ́ mọ́ ọmọ yín. Màá sọ ọ́ ní Yorùbá. Màá tún fi èdè Ègùn sọ ọ́.