Ẹni Tó Gún Lọ́ọ̀dù Wexcombe Nídà

Ẹ̀yin ará Wexcombe, ẹ sún mọ́ ibùsùn mi, kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà bá wa ti ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ mi ti wú, èémí mi ò sì já geere mọ́, n ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí bá mi wọ sàréè. Ogójì ọdún ni ẹ fi ń sọ fún àwọn ọmọ yín pé Faransé tó ń dáná nílé ńlá ló gún Lọ́ọ̀dù Wexcombe pa. Irọ́ ni. Èmi Jabez Tull, tí ẹ ń pè ní Baba Olóòótọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo gún un. Ẹ má tíì pariwo. Mo gún un lóòótọ́, àmọ́ ó ti kú kí n tó gún un.

Èmi ni mo ń wọ Lọ́ọ̀dù láṣọ nígbà náà, tí mo ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, tí mo ń fa bàtà sí i lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ràn oúnjẹ ju bí bíṣọ́ọ̀bù ṣe fẹ́ràn Bíbélì lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta, nígbà tí ogun àwa Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gbóná janjan, ó jókòó sórí àga póò rẹ̀, odidi páì ẹyẹlé méjì tó jẹ lálẹ́ mọ́jú ṣì wà níkùn rẹ̀, ó ní kí n dúró síta. Mo dúró. Mo gbọ́ ìkérora kan, mo gbọ́ èkejì, lẹ́yìn náà kẹ́kẹ́ pa. Mo kanlẹ̀kùn títí kí n tó wọlé. Lọ́ọ̀dù ti rékọjá. Ó jókòó gbọnin, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ ìjọba. Mo sáré pe ìyá rẹ̀, Lédì Honoria, arúgbó ọlọ́dún méjìdínlọ́gọ́rin tó tín-ín-rín bí ọ̀pá àbẹ́là. Kò sunkún. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo póò, ó wò mí. “Jabez, ta ló tún rí i?” Mo ní, “Kò sẹ́nì kankan, ìyá wa.” Ó ní, “Ó dáa. Àrá ló sán pa ọkọ mi lórí ẹṣin. Bàbá ọkọ mi kú lójú ogun. Bàbá tó bí ìyẹn, ọba ló bẹ́ ẹ lórí, aṣọ tuntun ló sì wọ̀ lọ síbẹ̀. Kò sí Wexcombe tó kú sórí póò rí, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lórí ọmọ tèmi.”

Ohun tó fẹ́ ni kí wọ́n bá ọmọ òun nínú yàrá ìwé pẹ̀lú idà ìdílé láyà, kí ayé lè gbà pé ọ̀tá ló pa á. Lójú àwọn ọlọ́lá, iyì ni kí wọ́n pa èèyàn. A gbé e. Mo ní a gbé e: èmi gbé orí, àyà àti ikùn, ìyá gbé bàtà kan. A gbé e ka àga, ìyá na idà sí mi. “Gún un.” “Ìyá wa, bó bá bínú ńkọ́?” “Ó ti kú, òpònú, kò lè bínú sí ẹ!” Mo dijú, mo gún. Tìmùtìmù àga ni mo gún, ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ fò bo gbogbo yàrá. Ìyá mí kanlẹ̀. “Ìwọ lò ń fá irùngbọ̀n ọmọ mi lójoojúmọ́? Ọlọ́run mà ló ń ṣọ́ ọrùn rẹ̀ o.” Ẹ̀ẹ̀kejì wọlé.

Sir Digby Frayne, adájọ́ àgbègbè, ló wá ṣèwádìí. Ó rí ìyẹ́ nílẹ̀, ó gbé e sókè bí ẹni rí wúrà. “Ta ló ń tu ìyẹ́ nínú ilé yìí? Kúùkù! Kí ni kúùkù? Faransé!” Ó wò wá bí ẹni tó dá nìkan ṣẹ́gun gbogbo Faransé. Tìmùtìmù tó ya náà ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó lé e. Anselme lorúkọ kúùkù náà. Ọjọ́ méjì ṣáájú, Lọ́ọ̀dù ti da músítádì, èròjà tó ń ta lẹ́nu, sínú ọbẹ̀ tí kúùkù náà sè, Anselme sì ju ṣíbí mọ́lẹ̀: “Ẹni tó bá tún da nǹkan yìí sọ́bẹ̀ mi, màá pa á!” Gbogbo ilé gbọ́, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ ìwádìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Títí di ìgbà yẹn, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo ń jẹ́. Tara mi ló kù báyìí. Keziah tó ń fọṣọ nílé ńlá ni mo fẹ́. Anselme ni Keziah fẹ́. Bí Sir Digby ṣe bi mí pé, “Tull, ṣé o rí nǹkan kan?” ahọ́n mi ti fò ṣáájú ọkàn mi. “Mo rí kúùkù, sà. Ó ń ti yàrá ìwé bọ̀, ó ń nu ọwọ́ sára.” Anselme ò bú mi. Ó kàn ní, “Jabez, èmi tí mo máa ń fi awọ adìẹ yíyan pamọ́ fún ẹ?” Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí ju ẹsẹ̀ mi yìí lọ. Oṣù mẹ́ta ló fi wà látìmọ́lé. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́ ní kóòtù, mo gbá Bíbélì mú, mo tún irọ́ náà pa, mo sì bu iyọ̀ sí i. Okùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọrùn rẹ̀ nígbà tí Dókítà Pym, oníṣègùn àgbègbè wa, dìde. Obìnrin tó wẹ òkú ló ta á lólobó. Ó ní, “Olúwa mi, ojú ọgbẹ́ idà ò ṣẹ̀jẹ̀, òkú ni wọ́n gún. Àmì róbótó kan sì wà ní ìdí rẹ̀. Mo lọ wọn póò inú yàrá rẹ̀. Ó ṣe rẹ́gí.” Ẹ̀rín bú jáde, adájọ́ kóòtù fìwé bojú. Lédì Honoria dákú. Nígbà tó jí, ó bèèrè bóyá wọ́n ti rẹ́rìn-ín tán. Wọ́n ní rárá. Ó tún dákú.

Wọ́n dá Anselme sílẹ̀. Èmi ní oòrùn ló ṣe mí lójú, Sir Digby gbà kíá, ojú ti òun náà. Lédì Honoria wá kéde pé ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ póò máa kúrò lórí ilẹ̀ òun. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbé ẹ̀bi náà padà sórí Faransé. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Anselme kọ lẹ́tà sí Keziah láti ìlú Bath. Keziah ò mọ̀wé nígbà náà, ó gbé e tọ̀ mí wá, torí ó gbà pé oòrùn ló ṣe mí lójú lóòótọ́. “Jọ̀ọ́, bá mi kà á.” Ohun tó kọ ni, “Ìfẹ́ mi, mo ti ríṣẹ́, wá bá mi.” Ohun tí mo kà ni, “Keziah, mo ti rí ọmọ opó kan fẹ́, má retí mi.” Ó ní, “Ṣé bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn?” Mo ní, “Bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn.” Ó sunkún títí, èmi ọ̀dájú sì fún un ní áńkáṣífì. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, a ṣègbéyàwó, a sì bí Hannah.

Lóṣù tó kọjá ni mo jẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀wà tútù ló ń bó. Ó bó o tán pátá. Ó wá ní, “Baba Hannah, ṣé ó ṣì wà láàyè?” Mo ní mo gbọ́ pé ó ń ṣe búrẹ́dì ní Bath, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó dé fìlà rẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sè ọbẹ̀ fúnra mi. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó mú Anselme wọlé, orí rẹ̀ ti funfun báláú. Mo bú sẹ́kún: “Anselme, dárí jì mí.” Ó mú ṣíbí nínú abọ́ mi, ó tọ́ ọbẹ̀ mi wò, ó sì dijú. Ó ní, “Irọ́ tí o pa mọ́ mi, mo ti dárí ẹ̀ jì ẹ́ tipẹ́. Ọbẹ̀ yìí ni n ò lè dárí ẹ̀ jì ẹ́.” Ó bá gba ilé ìdáná lọ.

Ẹ ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn lẹ́yìn ògiri? Àwọn méjèèjì ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá gbé ìwé rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, ohun tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ kà, kódà bó bá máa gba ẹni tí ẹ fẹ́ lọ́wọ́ yín. Anselme ti tú mi sílẹ̀, ó ku Keziah. Mo bi í láàárọ̀ yìí. Ó ní, “Mo ṣì ń rò ó. Bí o bá kú kí n tó rò ó tán, kí o dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ọ̀run, wàá gbọ́ èsì níbẹ̀.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.