Ẹ̀gbọ́n Tí Mo Fi Pamọ́ Sóko Kajú

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Obìnrin kan ń ṣàìsàn ní Pénéssoulou, orúkọ rẹ̀ sì ti bàjẹ́ nítorí irọ́ tèmi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí.

Ní Manigri níbí, kí wọ́n tó fẹ́ ọmọ ẹni, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí ilé. Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Ṣé kò sí wárápá? Ṣé kò sí wèrè? Ẹ̀gbọ́n mi, Sálíù, ti ń bá ẹni tí a ò rí sọ̀rọ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá wádìí nítorí Ràfíátù ọmọ mi, mo mú un lọ sí oko kajú wa ní Doguè. Mo sọ fún àwọn àlejò pé Nàìjíríà ló wà. Àwọn aládùúgbò mọ̀, wọn ò sọ. Ta ni kò lọ́mọbìnrin nílé?

Oko yẹn náà ni Sálíù kú sí. Wọ́n ní a kì í gbé iná sórí òrùlé sùn. Èmi sùn.

Ràfíátù ti bímọbìnrin méjì kí tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn kan ń bú òun látinú àjà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń bọ́ ọ. Òun ló bá wa dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Bassila. Dókítà bi mí bóyá ẹnì kan ti ṣe irú èyí rí nínú ẹbí wa. Ìyá ọkọ jókòó tì mí. Mo ní rárá.

Nígbà tí mo dá lọ gba oògùn, dókítà ṣàlàyé pé àìsàn yìí lè rìn nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, ó lè fo ẹnì kan kó mú ẹlòmíì, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Mo dúpẹ́, mo ní “mẹ̀sí, dókítà.” N ò délé sọ ọ́.

Nílé ọkọ, wọ́n ní bí kò bá ti sí nínú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó, a jẹ́ pé ẹnì kan ló fi àjẹ́ ṣe é. Ta ló ń se oúnjẹ rẹ̀? Ọkọ Ràfíátù, ọmọ tí ìyá náà bí, ló lé e jáde lọ sí Pénéssoulou. Mo wà níbẹ̀, mò ń wolẹ̀.

Mo pàdé ìyá náà lọ́jà Bassila. Ó ti rù, ara rẹ̀ ò sì yá. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Ìyá Ràfí, ìyàwó mi ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, kó máa jẹun kó tó lo oògùn o.”

Mo ní ó ń jẹun.

Bí mo bá sọ òtítọ́, ọkọ á kọ ọmọ mi, ta ló sì máa fẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀? Bí mo bá dákẹ́, obìnrin yẹn á kú ní àjẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n lọ sọ. Mo mọ ara mi, n ò ní lè lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó tó kú. Bí èmi bá lọ bẹ̀ ẹ́, á bi mí pé kí ni mo ṣe.